Ojú Ayùn Lára Owó Fàdákà

Qudrah ọmọ Bẹ̀llò ń ta fàdákà ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin. Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta wúrà, níbi tí ọ̀nà ti há débi pé bí kẹ̀kẹ́ bá wọlé, ẹlẹ́sẹ̀ á fẹ̀yìn ti ògiri.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọjà náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Kì í bú èèyàn, kì í sì í yọ̀ mọ́ èèyàn. Bí oníbàárà bá mú ẹ̀gbà ọwọ́ wá tà, á gbé e wò, á ní, "Òjé ni," á tì í padà sí i. Bí onítọ̀hún bá ní ìyá àgbà òun ló fi í sílẹ̀ fún òun, á ní, "Òjé ni ìyá àgbà yín fi sílẹ̀." Àwọn mìíràn ti sunkún níwájú rẹ̀. Á dúró kí wọ́n sunkún tán, á pe ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ so yìgì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ilé kan wà nílùú tí wọn kì í gba náírà ní sàdáàkì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ọkọ ń fi lé ìyàwó lọ́wọ́ níwájú àfáà. Owó fàdákà ni wọ́n ń béèrè, ṣílè méjì ayé Ọba Jọ́ọ̀jì, irú èyí tí wọ́n ń ná kí ìjọba òyìnbó tó sọ ọ́ di idẹ. Orí ọba wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Irú rẹ̀ ni ìyá wọn gbà, irú rẹ̀ ni ìyá ìyá wọn gbà, àwọn náà kò fẹ́ gba ohun mìíràn. Bí ẹnìkan bá béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, tí wọ́n bá ní, "Ọwọ́ Qudrah," kò sẹ́ni tó tún ń béèrè nǹkan kan.

Bó ṣe ń ṣe é kò le. Oníbàárà á jókòó. Qudrah á gbé owó náà lé àtẹ́lẹwọ́, á wò ó dáadáa, á ní, "Mo rí i. Fàdákà ni." Kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì sọ ọ́ rí sórí ohun tí kì í ṣe fàdákà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò kọ́lé, kò ní mọ́tò. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tó ní tí èèyàn fi ń kí i.

Bẹ̀llò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bẹ̀llò ní àṣà kan. Bí wọ́n bá mú owó fàdákà wá, á mú ayùn kékeré, á fi gé etí owó náà díẹ̀ kó lè rí inú rẹ̀. Ẹni tó ń fi fàdákà pa bàbà lára, ara òde ló lè pa. Owó tó bá ti ọwọ́ Bẹ̀llò kọjá, ojú ayùn á wà létí rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, àwọn ará Ìlọrin kò wo fàdákà mọ́. Ojú ayùn ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní Bẹ̀llò ti wò ó, wọ́n á sanwó. Inú Bẹ̀llò kì í dùn sí èyí. Ó ní torí kí wọ́n lè wo inú ni òun ṣe gé e, ẹnì kankan kò sì wo inú.

Nígbà tí Bẹ̀llò kú, wọ́n pín ogún rẹ̀ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Abdulqudus, àbúrò Qudrah, gba ìpín méjì. Qudrah gba ẹyọ kan. Kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ wà lọ́wọ́ Abdulqudus, ìjókòó ẹ̀yìn gíláàsì sì jẹ́ ti Qudrah. Wọn kò fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń jẹun níbẹ̀.

Owó fàdákà wá di ọ̀wọ́n. Àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ ń tà á, àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ọ fi ṣe òrùka. Èyí tó kù ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Naeem, ọmọ Qudrah tó ń gbé ní Fate, ló fi gbàǹjo orí fóònù hàn án, níbi tí wọ́n ti ń gbé owó àtijọ́ síta tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ń fi owó lé owó lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Qudrah ti ń ra ṣílè méjì padà wá sí Ìlọrin.

Èké pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń tà kò sí níwájú ẹ, o kò sì lè fi ayùn kan ọjà rẹ̀. Fọ́tò nìkan lo rí. Qudrah mọ fọ́tò wò. Bí wọ́n bá ya iwájú tí wọ́n ya ẹ̀yìn, tí wọn kò ya etí, á ní kí wọ́n ya etí. Ẹni tó ń da ayédèrú owó sínú amọ̀, etí ló ti máa ń tú u láṣìírí, torí ibi tí apá méjì amọ̀ náà ti pàdé á fi ìlà sílẹ̀. Owó tòótọ́, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ara rẹ̀ á dúró ṣánṣán, bó tilẹ̀ ti gbó. Ti èyí tí wọ́n dà, lẹ́tà rẹ̀ á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ somi, ara rẹ̀ á sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Qudrah á ní kí wọ́n gbé owó náà sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n ya owó àti òṣùwọ̀n pọ̀. Bí ẹni tó ń tà bá bínú pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù, á fi í sílẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa owó àtijọ́, pé inú àpótí bàbá àgbà òun ni òun ti bá a, á tètè fi í sílẹ̀.

Abdulqudus máa ń bínú sí i.

"Àǹtí, bẹ́ ẹ bá ń ṣe báyìí, ẹ ò ní rí nǹkan kan rà."

"N ò ní rà á nìyẹn."

Nígbà tó di àsìkò ọyẹ́, kẹ̀kẹ́ kan gbá Qudrah lẹ́nu ọ̀nà ọjà Ìpata, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sílé Naeem ní Fate. Ó pẹ́ níbẹ̀. Abdulqudus nìkan ló kù nínú ìsọ̀, òun àti Barakah ìyàwó rẹ̀, òun náà ló sì ń lọ sí gbàǹjo.

Ibẹ̀ ló ti rí ṣílè méjì kan tí ojú ayùn wà létí rẹ̀, lókè adé ọba. Ó sún fọ́tò náà sí ojú, ó sún un sẹ́yìn. Ojú ayùn bàbá rẹ̀ ni. Kò béèrè etí, kò béèrè òṣùwọ̀n. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fowó kún un ni òun náà ń fi kún un, títí wọ́n fi fi í sílẹ̀ fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹni náà tún gbé òmíràn síta, òun náà ní ojú ayùn. Abdulqudus rà á. Ó tún ń rà á bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó fi òòfà kàn wọ́n, wọn kò lẹ̀ mọ́ ọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bàbà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Kò rántí ìyẹn.

Mẹ́rin nínú wọn ló tà fún Àlàájà Sadiya, tó ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní Ìpata, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó. Sadiya sanwó. Ṣùgbọ́n kò gbé wọn lọ. Ó ní òun á padà wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí yìgì ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, kí Ìyá Naeem fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún òun.

Bí Abdulqudus ṣe lọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Fate nìyẹn.

Barakah ló wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn gíláàsì nígbà tí Qudrah fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Barakah kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún jókòó padà síbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà nísàlẹ̀ mi."

"Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ó máa tù yín lára." Bẹ́ńṣì oníbàárà ló nawọ́ sí.

Qudrah wo bẹ́ńṣì náà, ó wo Barakah, ó jókòó. Abdulqudus tẹ́ aṣọ dúdú sórí gíláàsì, ó to owó mẹ́rin sórí rẹ̀.

"Ti Àlàájà Sadiya nìyí. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló kù."

"Níbo lo ti rà á?"

"Gbàǹjo."

"Ta ló wò ó?"

"Èmi ni. Ọmọ Bẹ̀llò lèmi náà."

"Mo mọ̀. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ."

Barakah rẹ́rìn-ín sínú ìbòrí rẹ̀. Abdulqudus kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo etí wọn ná kẹ́ ẹ tó máa fi mí ṣẹ̀sín. Ojú ayùn Bàbá wa nìyẹn. Ó lọ sókè òkun, mo rà á padà wálé."

Qudrah kò mú èyíkéyìí nínú wọn. Ó fi ìka yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí adé ọba ara gbogbo wọn fi kọjú síbì kan. Lẹ́yìn náà ló tẹrí sílẹ̀ wò wọ́n. Ojú ayùn wà lókè adé lára èkíní. Ó wà lókè adé lára èkejì. Ibẹ̀ náà ló wà lára ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Bó ṣe fì sí ẹ̀gbẹ́ lára ọ̀kan ló ṣe fì lára gbogbo wọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, bí ìgbà tí ọ̀bẹ yọ̀ kan án. Ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní in.

"Ọ̀kan ni Bàbá gé," ni Qudrah wí.

"Ọ̀kan báwo? Gbogbo wọn ló ní ojú ayùn."

"Ọ̀kan ló gé. Ẹnìkan rí i, ó fi tẹ amọ̀. Àwọn tó jáde látinú amọ̀ náà nìwọ̀nyí. Wọ́n da ojú ayùn pọ̀ mọ́ ọn."

"Bàbá mọṣẹ́ rẹ̀, Àǹtí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ibì kan náà ló máa ń gé."

"Bàbá kì í wo ibi tó ń gé. Ojú ẹni tó ń ta owó ló máa ń wò."

Òótọ́ ló sọ. Bí Bẹ̀llò bá ti gbé ayùn lé owó, ojú ẹni tó mú un wá ló máa ń tẹjú mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé bàbà lòun mú wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á gbọ̀n kí ayùn tó wọlé. Torí náà, ibi tí àtàǹpàkò Bẹ̀llò bá fi sílẹ̀ ni ayùn máa ń bọ́ sí, nígbà mìíràn lókè, nígbà mìíràn nísàlẹ̀, nígbà mìíràn á gùn débi pé òun fúnra rẹ̀ á ṣépè. Qudrah jókòó tì í ní gbogbo ìgbà yẹn. Fóònù ni Abdulqudus ń tà níbòmíràn nígbà náà. Ìgbà tí ojú bàbá wọn ti di bàìbàì ló tó wọ ìsọ̀.

"Àǹtí," ni Barakah wí, "ẹ ti pẹ́ jù nínú ilé. Ìrora ẹsẹ̀ yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Fún mi ní ayùn."

Barakah wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé kó má fún un. Qudrah mú ọ̀kan nínú owó náà, ó gé etí rẹ̀ níbi tí kò sí ojú ayùn, ó gé e wọnú, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Abẹ́ awọ fàdákà náà pupa rúsúrúsú.

Lóde, ẹnìkan ń ná aṣọ, ó ń búra pé òun kò ní fi kún un.

"Dá a padà fún ẹni tó tà á fún ẹ," ni Qudrah wí.

"Kò dáhùn mọ́. Mo kọ̀wé sí i, mo tún kọ ọ́. Ó ti pa orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ rẹ́."

"Kí lo kọ̀wé sí i fún?"

Barakah bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

"O mọ̀," ni Qudrah wí. "O ti mọ̀ kó o tó wá gbé mi."

"Ká ní ẹ ò gé e ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"O fẹ́ kí n bá ẹ fi ẹnu mi tà á."

"Ẹ gbọ́, Àǹtí." Ó fà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn ò ní ná an. Wọn ò ní yọ́ ọ. Ìyàwó á gbà á, á dì í sínú àpótí, ó parí. Ta ló pa lára?"

"Wọ́n á fi sọ pé wọ́n ti san ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọn ò san nǹkan kan."

"Ṣé fàdákà ni Ọlọ́run ń wò ni?" ni Barakah wí. "Níyà inú ọkàn ló ń wò."

"Níyà tiyín ni mo ń wò látàárọ̀."

Abdulqudus dìde. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lápò, ó gbé e sórí gíláàsì, kò jù ú, ó rọra gbé e.

"Gbogbo owó tó wà nínú ìsọ̀ yìí ni mo kó lé àwọn nǹkan yìí. Bí obìnrin yẹn bá lọ pariwo wa ní Ìpata, a ti kógbá sílé. Gbólóhùn kan ni mo ní kẹ́ ẹ sọ. Bẹ́ ẹ bá sọ òmíràn, ẹ má padà wá síbí mọ́. Ìjókòó yìí, Barakah á máa jókòó síbẹ̀."

"Ó ti jókòó síbẹ̀."

"Wàláì, mi ò bá yín ṣeré."

"Èmi náà ò rí eré níbẹ̀."

Wọ́n pe ìrun Alásárì. Abdulqudus lọ kírun, ó padà wá. Kò pẹ́ tí Àlàájà Sadiya yọjú, obìnrin gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹ̀fun àgbàdo ṣì wà létí aṣọ rẹ̀. Kó tó wọlé tán, Abdulqudus ti mú owó tí wọ́n gé kúrò lórí aṣọ dúdú, ó ti fi òmíràn dípò rẹ̀. Wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sàlámù àlékùn. Ìyá Naeem, ẹ kú ìrora o. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí ò mọ àgbà."

"Wọn ò mọ ọmọdé náà. Ẹ jókòó, Àlàájà."

Sadiya jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Ó na ọrùn wo àwọn owó náà, ojú rẹ̀ là.

"Ojú ayùn Bẹ̀llò nìyẹn. Irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi. Ìdí tí mo fi rà á kíákíá nìyẹn, mo ní ẹ̀yin ìdílé ìyàwó, ẹ máa rí nǹkan." Ó ju ìbòrí sẹ́yìn. "Ẹ yáa sọ ọ́ fún mi kí n máa lọ. Màlúù wà tí mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò, alápatà yẹn máa gbé òkú màlúù fún mi bí mi ò bá tètè dé."

Barakah rẹ́rìn-ín. Abdulqudus gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́.

Qudrah mú ọ̀kan nínú owó náà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo gbogbo wọn. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Mo rí i," ló wí. "Bàbà ni."

Sadiya rò pé ó fẹ́ bá òun ṣàwàdà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó dúró láàárín ẹ̀rín náà.

"Kí lẹ wí?"

"Bàbà ni. Fàdákà ló bò ó lára. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ara wọn ò yá, Àlàájà," ni Abdulqudus wí. "Oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹsẹ̀ yẹn lágbára."

"Ayùn wà níbẹ̀," ni Qudrah wí. "Ẹ gé e fúnra yín."

Sadiya kò wo ayùn. Ó wo Qudrah, ó wo Abdulqudus, ó tún wo Qudrah. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Qudrah ló kọjú sí.

"Ìyá Naeem, ọ̀la ni yìgì. Ọ̀la. Gbogbo ìgbà tí mo fi sanwó, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ìgbà tó ku ọ̀la lẹ wá rí i."

"Òní ni mo rí i."

"Ìsọ̀ yín kọ́ ni? Orúkọ bàbá yín kọ́ ló wà lókè ilẹ̀kùn yẹn? Ọ̀kan ń tà á, ọ̀kan ń sọ pé kò dáa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ lù mí ní jìbìtì, ìpín ló tàsé láàárín yín."

Qudrah ti ayùn sún mọ́ ọn. Obìnrin náà tì í padà.

"Kí ni mo fẹ́ gbé síwájú àfáà báyìí?"

"Náírà."

"Wọ́n ti ní àwọn ò gba náírà."

"Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lù yín ní jìbìtì. Wọ́n á gbà á."

"Kí n sọ ìyẹn lójú àwọn àna mi?"

"Ó sàn ju kí wọ́n sọ ọ́ lójú yín lọ."

Sadiya dìde, ó na ọwọ́ sí Abdulqudus kọjá orí gíláàsì. Ó ní kó dá owó òun padà níbi tó dúró sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á pe gbogbo Ọjà-Ọba wọlé. Abdulqudus ní kò sí owó nílẹ̀. Sadiya ní kó ta mọ́tò rẹ̀. Barakah ní kí wọ́n jọ̀ọ́ rẹ ohùn sílẹ̀, èèyàn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sadiya ní òun kò tíì gbé ohùn sókè, bí òun bá gbé e sókè wọ́n á gbọ́ ọ ní Ìpata.

Barakah wá yíjú sí Qudrah.

"Ṣé inú yín ti dùn báyìí?"

"Rárá."

"Ẹ ti tú ilé bàbá yín ká."

Qudrah gbé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sórí aṣọ dúdú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Abdulqudus ń wò ó láti ẹ̀yìn èjìká Sadiya. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo sọ ọ́ fún yín, Àǹtí," ló wí. "Mo sọ ọ́ kí ó tó dé."

"Mo gbọ́."

Ó wá ọ̀pá rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ńṣì. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a mú un. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó fi ọ̀kan tẹ ọ̀pá, ó dìde, ó gba àárín àwọn tó ń wòran lẹ́nu ọ̀nà kọjá, ó ń lọ.